Fọ́ńṣọ̀n Tí Kì Í Dá Èsì Padà

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé yàrá ti dẹ́kun ìyọnu rẹ̀? Àwa náà wà níbí, a ń sùn, a ń jí, ìyẹn náà tó ọpẹ́. Mo bẹ Ọlọ́run pé ilẹ̀ tí ò ń tẹ̀ níbẹ̀ kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ilẹ̀kùn tó o bá kàn yóò ṣí kí ọwọ́ tó dùn ọ́, wàá sì jèrè ọmọ tó o bí. Ṣe àmín sí èyí tó kẹ́yìn yẹn dáadáa, torí òun ló jẹ́ kí n mú bírò.

Ìyá rẹ ló mú lẹ́tà yìí wá, Aláròyé ọmọ rẹ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé wàá ti máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí wọ́n fi gbéra láìpè ọ́, àti kí ló dé tí bàbá rẹ tó ní fóònù fi ń kọ lẹ́tà bí ará ayé àtijọ́. Jọ̀wọ́ jókòó. Fún wọn lómi, jẹ́ kí ìyá rẹ na ẹsẹ̀, torí orúnkún ọ̀tún rẹ̀ yẹn kò tíì gbà pé àgbà ti dé, kó o wá kà á ní ẹsẹẹsẹ bí mo ṣe kọ ọ́. Má fò lọ sí ìparí. Mo mọ̀ ọ́, láti kékeré lo ti máa ń ka ìparí ìwé kó o tó ka ìbẹ̀rẹ̀. Ara ọmọ rẹ kò yá, òun ni mo fẹ́ sọ, kì í sì í ṣe irú àìyá tí èèyàn ń sùn mọ́jú kó lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá dá a sọ báyìí nìkan, o ò ní mọ bá a ṣe débẹ̀, o ò sì ní mọ ohun tó kù kó o ṣe.

Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù. Ẹ̀gbẹ́ mi lọmọ náà máa ń jókòó sí tí mo bá ń fóònù, gbogbo ohun tí mo bá sọ ló ń gbọ́. Fóònù yẹn fúnra rẹ̀ kò sì ní sùúrù. Nígbà tó o bá fi ohùn rẹ ránṣẹ́, tó o ní Bàbá ẹ kú iṣẹ́, mo máa ń dáhùn pé o ṣé o ọmọ mi, ṣé dáadáa lo wà, ṣùgbọ́n o kì í dúró gbọ́, o ti ń bá ọ̀rọ̀ rẹ lọ, mo wá ń rò ó pé àbí ọmọ yìí ti ń rí mi fín ni. Ìyá rẹ ló ṣàlàyé fún mi pé ohùn tó o ti gbà sílẹ̀ ni, pé o ò sí nínú rẹ̀ lásìkò yẹn. Mo ti dárí jì ọ́. Mo ṣì ń dáhùn ṣá, torí kò bójú mu kí ọmọ ẹni kíni kéèyàn dákẹ́.

Ilé ń bẹ níbẹ̀. Páànù yàrá ẹ̀yìn ti ń jò, a gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sí i. Ewúrẹ́ aládùúgbò wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó jẹ téépù ìwọ̀n mi láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ, nítorí náà ẹni tí mo bá wọ̀n báyìí, àárín ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ kíkà, mo sì ń yọ èyí tí ewúrẹ́ jẹ kúrò lórí. Oníbàárà kan ní òun ò fẹ́ ìṣirò ewúrẹ́ nínú ṣòkòtò òun, ó gbé aṣọ rẹ̀ lọ. Kò burú.

Ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà tó ò ń kọ́ nírọ̀lẹ́, tó o sì ń fi ránṣẹ́ sí mi díẹ̀díẹ̀, mo ń gbọ́ ọ, mo sì ń tún un gbọ́. Nígbà tí mo bi ọ́ pé kí lo ń kọ́ níbẹ̀ gan-an, mi ò rò pé o máa fara balẹ̀ dá mi lóhùn tó báyìí. Nígbà tó o sọ pé ẹ ti dórí fọ́ńṣọ̀n, tó o ní ẹ máa ń pè é lórúkọ, ẹ máa ń gbé nǹkan lé e lọ́wọ́, á wọlé lọ ṣiṣẹ́, á sì dá èsì padà fún ẹni tó pè é, ohun tí mo kọ́kọ́ bi ìyá rẹ ni pé ta ló ń fún wọn lóúnjẹ. Ọmọṣẹ́ ni mo pè wọ́n. O tún wá ní ẹ lè pe ẹyọ kan ṣoṣo ní àìmọye ìgbà kí èèyàn tó ṣẹ́jú, àánú wọn sì ṣe mí, mo ránṣẹ́ pé kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sinmi. Ẹ̀rín lo fi dá mi lóhùn, ẹ̀rín náà sì gùn. Ó dáa. Mo ti mọ̀ báyìí pé wọn kì í ṣe èèyàn, ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ sílẹ̀ lásán ni, ṣùgbọ́n mo ṣì rò pé ohun tó bá ń ṣiṣẹ́ báyẹn láìjẹ láìmu, ó yẹ kéèyàn máa kí i.

O ní kí èmi náà fi iṣẹ́ ọwọ́ mi kọ ọ̀kan wò. Mo kọ ọ́ sórí bébà tí mo fi ń gé àwòṣe aṣọ. Mo sọ ọ́ ní rán-ṣẹ́ẹ̀tì. Mo kọ ohun tí wọ́n máa gbé fún un: aṣọ, èjìká, àyà, gígùn apá. Mo kọ iṣẹ́ rẹ̀ tẹ̀ léra, kó gé e, kó pa á pọ̀, kó rán an, kó de kọ́là mọ́ ọn, kó lọ̀ ọ́. Ní ìlà tó kẹ́yìn, mo kọ ọ́ pé kó gbé e kọ́ sójú fèrèsé. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ìgbà tí mo ti ní ṣọ́ọ̀bù, aṣọ tó bá ti parí, ojú fèrèsé ló ń lọ kí àdúgbò lè rí i. Mo ní kí ìyá rẹ bá mi ya fọ́tò bébà náà, mo fi ránṣẹ́, mo ń retí ìyìn.

O ní Bàbá, ẹ ti fi hàn, ẹ ò dá a padà. O ní gbogbo ẹni tó ń kọjá ti rí ṣẹ́ẹ̀tì yẹn, wọ́n ti ní ó dáa, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó pè yín ṣófo, tó bá fẹ́ gbé e fún fọ́ńṣọ̀n mìíràn tó máa so bọ́tìnì mọ́ ọn, òfìfo ló máa gbé fún un. O ní àṣìṣe tí gbogbo kíláàsì yín ń ṣe nìyẹn, tí ìwọ náà ṣe: ẹ máa ń rí èsì lójú kọ̀ǹpútà, ẹ máa rò pé iṣẹ́ ti parí, kò sì tíì dé ọwọ́ ẹnì kankan. O ní kí n pa fèrèsé rẹ́, kí n kọ ọ́ pé kó dá ṣẹ́ẹ̀tì padà. O ní ohunkóhun tí fọ́ńṣọ̀n bá mọ̀ nínú yàrá tiẹ̀, inú yàrá yẹn ló ń parí sí, àfi èyí tó bá gbé jáde fún ẹni tó pè é. O tún ní tó bá ti lè dá èsì padà, ohun yòówù kí wọ́n kọ sábẹ́ ìlà yẹn, kò ní ṣe é. Mo bá ọ jiyàn. Mo ní télọ̀ tó gbé aṣọ fún oníbàárà gbọ́dọ̀ tún sọ pé ẹ padà wá o. O ní fọ́ńṣọ̀n kì í sọ pé ẹ padà wá o.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ tó wà fún kọ̀ǹpútà nìkan ni.

O mọ̀ pé Aláròyé ló ń ṣọ́ àpótí òwú fún mi. Láti ìgbà tó o ti fi í sọ́dọ̀ wa ló ti gba iṣẹ́ yẹn mọ́ mi lọ́wọ́. Tí mo bá ní kó bá mi mú búlúù wá, á ní búlúù wo, ti yunifọ́ọ̀mù ni àbí ti ojú ọ̀run, á ní ṣé Bàbá àgbà tiẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń rán báyìí, á ní òun kúkú rí i pé apá kan ti gùn jùkan lọ. Kí n tó dá a lóhùn, òwú ti wà lọ́wọ́ mi, òun náà ló sì máa ń tọ̀nà. Ìgbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí mú dúdú wá dípò búlúù. Mo rò pé eré ni. Mo bá a wí, ó ń sunkún, ó ń fẹsẹ̀ janlẹ̀, èyí tí kì í ṣe ìwà rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo rán an ní òwú pupa, mo sì ń tẹ ẹ̀rọ mi lọ. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ó dúró nídìí àpótí, ó ń wo àwọn òwú. Mo ní Aláròyé, òwú dà? Ó wò mí bí ẹni tí mo sọ èdè tí kò gbọ́ sí. Ó wá rìn wá bá mi, ó na ọwọ́ sí mi, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún ìyá rẹ pé wò ó, ohun tí ọmọ wa ń sọ rèé, mo pè é, mo sọ ohun tí mo fẹ́, ó wọlé lọ, ó sì dá òfìfo padà. Ìyá rẹ kò rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ìyẹn ni inú rírun bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń ká jọ, á gbá ikùn mú. Oúnjẹ ò wọlé, tó bá wọlé, á jáde. Oníkẹ́míìsì ní aràn ni, ó fún wa ní oògùn aràn, a lò ó. Olùkọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ pé ó ń sùn ní kíláàsì. Ìyá rẹ ní ìwọ ni àárò rẹ ń sọ ọ́. Gbogbo wa la ní ìtumọ̀ tiwa, ṣùgbọ́n àròyé ti tán lẹ́nu ọmọ náà, tí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ jáde, á wá a, á wá a, á sì fi í sílẹ̀.

O rántí ọgbà ìlagi àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ilé wa. Lẹ́yìn tó o lọ, ọkùnrin kan rà á. Bátìrì mọ́tò tó ti kú ni wọ́n ń fi ọkọ̀ ńlá kó wá síbẹ̀. Wọ́n ń fi àáké là á, wọ́n ń da omi inú rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń yọ́ òjé inú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní lẹ́ẹ̀dì, nínú agbada irin, èéfín rẹ̀ sì ń gba fèrèsé ẹ̀yìn wọlé wá bá wa. A ń húkọ́, ṣùgbọ́n a ń kí ọkùnrin náà, torí ó fún àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò níṣẹ́. Ọmọ ìyá oníbúrẹ́dì tó dojú kọ wá wà níbẹ̀, òun ló fi owó oṣù rẹ̀ tún ààrò ìyá rẹ̀ ṣe. Èmi náà rí iṣẹ́ níbẹ̀. Aṣọ iṣẹ́ wọn tó bá ya, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń kó o wá fún ìlẹ̀mọ́, àpò ńlá kan kì í kúrò ní igun ṣọ́ọ̀bù. Òun ló rọ̀ jù nínú gbogbo ibi téèyàn lè jókòó sí, orí rẹ̀ ni Aláròyé máa ń sùn lọ́sàn-án.

Kí ọ̀rọ̀ òwú tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ẹnu ọmọ náà ṣì mú ṣáṣá, àwọn nọ́ọ̀sì kan wá sí àdúgbò. Abẹ́ ìbòrí ìyá oníbúrẹ́dì ni wọ́n jókòó sí, wọ́n ń gún àwọn ọmọdé ní ìka, wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò kékeré. Wọ́n ní torí èéfín ni. Aláròyé bi nọ́ọ̀sì pé ṣé wọ́n máa dá ẹ̀jẹ̀ òun padà tí wọ́n bá lò ó tán. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, nọ́ọ̀sì ní rárá, èsì lòun máa dá padà. Òun tìkára rẹ̀ ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Wọ́n lọ, òjò bẹ̀rẹ̀, òjò lọ, a ò rí wọn mọ́.

Nígbà tí ìyá rẹ kò rẹ́rìn-ín yẹn, ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì ló sọ sí mi létí. Ó ní àwọn wo ló gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí lọ? Ìgbà tí oògùn aràn kò ṣiṣẹ́ ni mo tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì mi tó dáa, mo lọ sí ọ́fíìsì ìlera.

Bẹ́ńṣì ni wọ́n tò síbẹ̀, fáànù kan ń yí bí ẹni tí iṣẹ́ ti sú. Gíláàsì wà láàárín ìwọ àti akọ̀wé, ihò tí wọ́n gbẹ́ sí i sì rẹlẹ̀, gbogbo ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì. Mo tẹ̀. Mo ní mo wá gba èsì ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi. Akọ̀wé obìnrin náà ní ṣé àwọn pè mí ni. Mo ní rárá. Ó ní kí n máa lọ sílé, tó bá tó àsìkò, àwọn máa pè mí. Mo ní pẹ̀lẹ́, ọmọ mi, kì í ṣe ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ pè mí, èmi ni mo pè yín. Mo ní mo gbé ẹ̀jẹ̀ fún yín, ẹ wọlé lọ, ẹ ò jáde. Mo ní fọ́ńṣọ̀n yín kò ní ìlà ìdápadà.

Ó pe ẹnì kejì rẹ̀ pé wá gbọ́ ohun tí Bàbá yìí ń sọ. Èkejì ní bóyá wọn ò tíì jẹun ni. Mo ní mo ti jẹun. Mo wá ṣàlàyé fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, mo fi ṣẹ́ẹ̀tì ṣàpèjúwe, mo dé orí fèrèsé. Ọkùnrin kan tó tò sẹ́yìn mi kígbe pé Bàbá, ṣé ẹ wá gba ìwọ̀n dókítà ni, ẹ jẹ́ kí àwa tí ara ń ro dé iwájú. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ṣì tẹ̀ síbẹ̀.

Bóyá kí n lè kúrò níwájú rẹ̀ ni akọ̀wé náà fi bi mí pé àdúgbò wo. Mo sọ ọ́. Ó tẹ ẹ̀rọ rẹ̀, ó wá fi ohùn fẹ́rẹ́fẹ́ sọ pé áà, ẹ̀yìn ọgbà bátìrì, ìyẹn ti jáde tipẹ́. Mo ní ó ti jáde? Ó ní tipẹ́ o, gbogbo wa níbí la ti rí i, wọ́n tiẹ̀ gbé e sójú ògiri nígbà tí àwọn ọ̀gá wá ṣèpàdé, àwọn ọ̀gá sì ní iṣẹ́ náà dáa. Mo ní ta lẹ wá gbé e fún? Ó ní báwo? Mo ní láàárín àwa tá a ni àwọn ọmọ, ta lẹ gbé e fún? Ó wo ẹnì kejì rẹ̀. Èkejì wo ẹ̀rọ.

Ọmọ mi, ojú fèrèsé ni wọ́n gbé e kọ́ sí. Kò sí ẹni burúkú kan níbẹ̀, kò sí ẹni tó fi nǹkan pa mọ́. Wọ́n ṣiṣẹ́ náà tán, wọ́n wò ó, wọ́n yìn ín, wọ́n lọ jẹun ọ̀sán.

Wọ́n mú mi wọlé lọ bá nọ́ọ̀sì yẹn gan-an. Ó rántí ọmọ tó béèrè ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ padà. Ó ní òjé wà nínú ẹ̀jẹ̀ Aláròyé, ó sì pọ̀. Ó ní òjé kì í ṣe ọmọdé bó ṣe ń ṣe àgbà, pé inú ọpọlọ ló ń lọ jókòó sí, ó ń jẹ ọ̀rọ̀, ó ń jẹ ìrántí. Ó bi mí pé iṣẹ́ wo la ń ṣe nílé. Mo ní télọ̀ ni mí. Ó ní aṣọ àwọn wo? Mo sọ fún un. Ó bi mí pé níbo lọmọ ń sùn lọ́sàn-án. Mo sọ ìyẹn náà fún un. Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

Mo bi í pé ohun tó ti lọ, ṣé yóò padà. Ó ní fún àwọn ọmọ mìíràn, ó máa ń padà díẹ̀. Mo ní díẹ̀ bí i báwo? Ó ní Bàbá, mi ò mọ̀. Ó ní oògùn kìíní ni kí ọmọ kúrò níbẹ̀, torí tí wọ́n bá ń wẹ òjé kúrò lára rẹ̀ tó sì ń padà sùn síbẹ̀, asán ni. Mo ní kí ló kù? Ta ló máa wẹ̀ ẹ́, ta ló máa bá ọgbà yẹn sọ̀rọ̀, kí la máa ṣe fún àwọn ọmọ tó kù? Ó ní iṣẹ́ tàwọn ti parí, èsì làwọn ń fúnni, ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú irú rẹ̀ wà ní ìlú ńlá, ìlú tó o wà yẹn. Mo dúró díẹ̀ bóyá á tún sọ nǹkan. Ó dìde, ó ṣílẹ̀kùn fún mi. Mo wá rántí ohun tó o sọ nípa ìlà tó wà lábẹ́ ìdápadà.

Mo ní kí wọ́n fún mi ní ti àwọn ọmọ àdúgbò yòókù kí n bá wọn gbé e lọ. Wọ́n ní òbí kálukú ló gbọ́dọ̀ wá gba tirẹ̀. Mo lọ bá ìyá oníbúrẹ́dì, torí wọ́n gún ọmọ tirẹ̀ méjèèjì tó kéré. Mo sọ ọ́ fún un bí mo ṣe sọ ọ́ fún ọ yìí. Kò dúró kí n parí. Ó ní Télọ̀, ṣé kọ̀ǹpútà tí ọmọ yín ń kọ́ lẹ wá ń dán wò lára mi? Ó ní tí wọ́n bá ti ọgbà yẹn pa, ṣé ẹ̀yin lẹ máa fún ọmọ òun níṣẹ́, ṣé ọmọ òun ló máa bá yín ki òwú bọ abẹ́rẹ́? Ó ní kí n má gbé èsì kankan wá bá òun, pé ohun tí òun ò bá gbọ́, kò sí ẹni tó máa bi òun. Mo ní ó dáa. Ṣùgbọ́n mo rí i lẹ́yìn ìyẹn, tó wọ bàtà ìjáde, tó gba ọ̀nà ọ́fíìsì ìlera. Ìgbà tó dé, kò kí mi. Aṣọ iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ àgbà tó máa ń sá mọ́ ti àwọn kékeré lórí okùn kan náà, ó ti na okùn mìíràn fún un lẹ́yìn ààrò. Mo rí okùn náà, mo sì mọ ohun tí wọ́n sọ fún un.

Mo ti kó àpò aṣọ ọgbà padà fún wọn láìlẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá òṣìṣẹ́ wọn ní Télọ̀ ti di dókítà, ó ní ká máa wò ó bóyá dókítà máa rí nǹkan jẹ. Ìyá rẹ fi omi fọ gbogbo ṣọ́ọ̀bù, ògiri àti ilẹ̀. Ṣùgbọ́n fèrèsé ẹ̀yìn wà níbẹ̀, èéfín ò sì mọ̀ pé a ti fọlẹ̀. Ìyá rẹ ní yàrá rẹ kéré, ó ní ọmọbìnrin tẹ́ ẹ jọ ń gbé á bínú, ó ní wàá fi ẹ̀kọ́ rẹ sílẹ̀, ìwọ tó o ti sọ pé kí o tó parí rẹ̀ o ò lè gba ọmọ sọ́dọ̀. Gbogbo ohun tó sọ ló jẹ́ òótọ́. A jiyàn títí ọmọ náà fi jí sí wa. Mo ní kó di ẹrù.

Mú un lọ sí ilé ìwòsàn náà lọ́la, kì í ṣe ọ̀tunla. Tí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, má kúrò lẹ́nu ọ̀nà wọn títí wọ́n á fi gbé èsì lé ọ lọ́wọ́, tí wọ́n bá sì gbé e lé ọ lọ́wọ́, ìwọ ni kó o béèrè ohun tó kàn. Má fi ẹ̀kọ́ rẹ sílẹ̀. Ìyá rẹ á dúró tì ọ́, òun ló máa wà pẹ̀lú ọmọ nírọ̀lẹ́ tó o bá wà ní kíláàsì. Èmi ti mọ bí wọ́n ṣe ń dáná, irọ́ ni ìyá rẹ á pa tó bá ní mi ò mọ̀ ọ́n.

Tó bá ń sunkún pé òun fẹ́ padà sọ́dọ̀ bàbá òun àgbà, má gbọ́. Tó bá wù mí kí n rí i, tí mo bá fóònù tí mo ń bẹ̀ ọ́, èmi náà, má gbọ́ tèmi. Ohun gbogbo ni mo fẹ́ kí wọ́n máa dá padà láyé yìí, àfi òun. Má dá a padà síbí.

Ọ̀rọ̀ owó, mo mọ̀ pé owó ò pọ̀ lọ́wọ́ rẹ, wàá sì ná a sí ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n tó o bá rí díẹ̀ ṣẹ́kù, bá mi fi ránṣẹ́. Iṣẹ́ ọgbà ti lọ, àwọn ìyá méjì kan sì ti gbà láti lọ gba èsì ọmọ wọn bí mo bá lè wá owó ọkọ̀ fún wọn. Mo ti ṣèlérí kí n tó ronú.

Ohun kan ló kù, má sì rẹ́rìn-ín. Mo tún kọ fọ́ńṣọ̀n kan, ìyá rẹ mú bébà náà dání, ó ká a sínú aṣọ ìbora. Bá mi fi han olùkọ́ rẹ. Mo mọ orúkọ tí mo sọ ọ́. Mo mọ ohun tí mo máa gbé fún un, ọmọ náà bó ṣe wà báyìí, mo kọ gbogbo rẹ̀, ohun tó lè sọ àti èyí tí kò lè sọ mọ́. Mo mọ ohun tí mo fẹ́ kó dá padà, mo kọ ọ́ sí ìlà tó kẹ́yìn bó o ṣe kọ́ mi, kò sí fèrèsé níbẹ̀. Àárín rẹ̀ ni mi ò mọ̀. Mo fi àyè sílẹ̀ níbẹ̀, mo fi rúlà fa ìlà sí i kí ìkọ̀wé wọn má bàa wọ́. Bí olùkọ́ rẹ bá mọ ọ̀kan péré nínú ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀, kó bá mi kọ ọ́ sí i.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní agbára tó ju ti èmi lọ. Kí ó fi àwọn tó mọṣẹ́ pàdé rẹ, kí ó jẹ́ kí wọ́n ní sùúrù láti gbọ́ ẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Kí ó tọ́jú ìyá rẹ fún mi. Nọ́ọ̀sì ní kí n kìlọ̀ fún ọ pé kó o bọ́ aṣọ tí ọmọ wọ̀ wá, kó o fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, kó o sì fọ irun orí rẹ̀ kó o tó gbé e mọ́ra. Mo mọ̀ pé o ti gbé e mọ́ra kó o tó ṣí lẹ́tà. Kò burú. Fọ̀ ọ́ báyìí.

Èmi ni bàbá rẹ.